Bí A Ṣe Ń Kó Owó Onírin Ayé Nazi Jọ: Lẹ́tà Kékeré Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó onírin Jámánì ti ọdún 1933 sí 1945 jọ ló máa ń ṣe àṣìṣe kan náà. Wọ́n á rí idì tó na ìyẹ́, wọ́n á rí àmì swastika lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì gbà pé ohun ọ̀wọ́n ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba Nazi, ìyẹn ìjọba Adolf Hitler, tẹ owó wẹ́wẹ́ ní àìmọye mílíọ̀nù, púpọ̀ nínú wọn ló sì ṣì wà nínú àpótí àwọn ìdílé àti nínú abọ́ àwọn tó ń ta ohun àtijọ́ ní Yúróòpù, tí wọ́n ń tà wọ́n ní owó pọ́ọ́kú. Kí owó kan tó di ọ̀wọ́n, ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ilé tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, irin tí wọ́n fi ṣe é àti bí ara rẹ̀ ṣe mọ́ tó gbọ́dọ̀ pàdé pọ̀ sójú kan. Swastika kò sí nínú ìṣirò yẹn rárá.

Mo tún fẹ́ kí a fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ kan kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìjọba tó tẹ àwọn owó wọ̀nyí ló pa mílíọ̀nù mẹ́fà Júù, pẹ̀lú àìmọye ènìyàn mìíràn. Ẹni tó bá ń kó wọn jọ nítorí pé ó ń yin ìjọba náà, kì í ṣe òun ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹlẹ́rìí ni owó jẹ́: ó sọ bí fàdákà ṣe di síǹkì nígbà tí ogun ń jẹ orílẹ̀-èdè náà run, ó sì sọ ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ àti ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Nítorí ẹ̀rí yẹn ni a ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

Ẹ mọ ibi tí òfin dúró sí

Ní Jámánì, abala 86a nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ka fífi àmì ẹgbẹ́ Nazi hàn ní gbangba tàbí títan irú àmì bẹ́ẹ̀ kálẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, ó sì lè mú kí ènìyàn san owó ìtanràn tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 3. Òfin náà yọ ohun tí a bá ṣe fún ẹ̀kọ́, ìwádìí àti ìtàn sílẹ̀. Pé owó náà wà nínú àpótí yín nílé kọ́ ni òfin ń bá jà. Gbígbé e síta bí ohun ọ̀ṣọ́ tàbí ohun ìpolongo ló léwu. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń tà á ní Jámánì fi máa ń fi nǹkan bo swastika inú àwòrán tí wọ́n bá gbé síta. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àwòrán owó tí wọ́n ti fi nǹkan bo àmì rẹ̀, ẹ má ṣe rò pé ẹni náà ń fi àbùkù pamọ́. Austria náà ní òfin tirẹ̀ tó le lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tó bá fẹ́ rà láti ibẹ̀ tàbí tà síbẹ̀ ní láti kà á kí ó tó fi owó ránṣẹ́.

Ẹ kọ́ ìdílé owó náà kí ẹ tó ra ẹyọ kan

Reichsmark ni owó tí wọ́n ń ná ní Jámánì nígbà náà, Reichspfennig sì ni owó wẹ́wẹ́ rẹ̀: Reichsmark 1 jẹ́ Reichspfennig 100. Bí a bá to àwọn owó náà sórí tábìlì, a ó rí i pé irin wọn yàtọ̀ síra, irin yìí ni yóò sì máa tọ́ yín sọ́nà títí lọ.

Àwọn tó jẹ́ fàdákà ni 2 Reichsmark àti 5 Reichsmark. Owó 2 Reichsmark wọn gíráàmù 8, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 25, fàdákà inú rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 625 nínú 1000. Owó 5 Reichsmark wọn gíráàmù 13.889, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 29, fàdákà inú rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 900 nínú 1000. Èyí túmọ̀ sí pé gíráàmù 12.5 fàdákà pọ́ńbélé ló wà nínú 5 Reichsmark kọ̀ọ̀kan, kò sì sí bí ọjà ṣe lè burú tó tí iye rẹ̀ yóò fi já wálẹ̀ ju ti fàdákà yẹn lọ. Owó 1 Reichsmark, tí wọ́n tẹ̀ láti 1933 sí 1939, jẹ́ níkẹ́ẹ̀lì, bẹ́ẹ̀ náà ni 50 Reichspfennig ti 1938 àti 1939. Idẹ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe 1 àti 2 Reichspfennig, wọ́n fi bàbà tí wọ́n pò mọ́ alumíníọ̀mù ṣe 5 àti 10. Nígbà tí ogun dé, ilé iṣẹ́ ohun ìjà nílò bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì kó owó níkẹ́ẹ̀lì kúrò nílẹ̀. Láti 1940 ni 1, 5 àti 10 Reichspfennig ti di síǹkì eléérú tí kò ní ìmọ́lẹ̀ kankan, 50 Reichspfennig sì ti di alumíníọ̀mù láti 1939, ó fúyẹ́ bí ewé gbígbẹ, gíráàmù 1.33 péré.

Kì í ṣe gbogbo owó ìgbà yẹn ló ní swastika. Owó 1 Reichsmark kò ní in láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, idì àtijọ́ ló wà lára rẹ̀. Owó Luther ti 1933, tí wọ́n tẹ̀ fún àyájọ́ 450 ọdún tí wọ́n bí Martin Luther, kò ní in. Owó ti 1934 tí wọ́n tẹ̀ fún akéwì Jámánì, Friedrich Schiller, kò ní in. Ara owó 1934 tó ní àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọ ogun ní Potsdam, èyí tí wọ́n kọ «21. März 1933» sí, ni swastika ti yọjú, kékeré, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìsìn náà. Láti 1936 ni idì tó di swastika mú wá gba gbogbo pápá owó. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ayédèrú ni 1 Reichsmark yín nítorí pé kò ní swastika, ẹ mọ̀ pé kò tíì kọ́ iṣẹ́.

Lẹ́tà ilé ìtẹ̀wó

Ibí ni iṣẹ́ gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé owó náà sábẹ́ iná, ẹ mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10, kí ẹ sì wá lẹ́tà kan ṣoṣo tó dá dúró. Ẹ wo ojú méjèèjì. Lẹ́tà náà ló ń sọ ìlú tí wọ́n ti tẹ owó náà: A jẹ́ Berlin, D jẹ́ Munich, E jẹ́ Muldenhütten ní Saxony, F jẹ́ Stuttgart, G jẹ́ Karlsruhe, J jẹ́ Hamburg. B jẹ́ Vienna, ṣùgbọ́n ọdún 1938 tí Hitler gba Austria ni Vienna ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ owó Jámánì. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé Reichsmark tàbí Reichspfennig tó ní B àti ọdún 1936 tàbí 1937 wá bá yín, ẹ dá a padà. Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Berlin ló máa ń tẹ èyí tó pọ̀ jù lọ. Àwọn ilé kéékèèké bí Muldenhütten àti Karlsruhe ni ẹ ti sábà máa ń rí èyí tó ṣọ̀wọ́n, nítorí pé iye tí wọ́n pín fún wọn kéré. Owó méjì lè jọ ara wọn bí ìbejì, kí A mú ọ̀kan jẹ́ owó tí ọmọdé lè fi owó ìpápánu rà, kí E tàbí G sì mú èkejì jẹ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń du ní gbàǹjo. Nítorí ìyàtọ̀ yìí ni àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ṣe máa ń fín lẹ́tà tàbí ọdún. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ irin họ apá kan lẹ́tà, wọ́n á lẹ apá mìíràn mọ́ ọn. Ẹ tẹ owó náà sí ẹ̀gbẹ́ kí iná lè ti ẹ̀bá bá a: lẹ́tà tí ilé ìtẹ̀wó tẹ̀ máa ń yọ láti inú ilẹ̀ owó náà bí òkè tó hù nílẹ̀, láìsí ìlà yí i ká, èyí tí wọ́n lẹ̀ máa ń ní òjìji tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìdí rẹ̀, ilẹ̀ tó yí i ká a sì máa dán ju ibi yòókù lọ nítorí pé wọ́n ti fá a.

Ọdún tí nǹkan yí padà

Bí mo bá ní kí n fi ẹyọ ìmọ̀ràn kan sílẹ̀ lórí bí a ṣe ń wá owó tó ṣọ̀wọ́n, èyí ni: ẹ tẹjú mọ́ ọdún tí wọ́n ń pa irú kan tì, tí wọ́n ń mú òmíràn jáde. Ọdún 1936 ló ṣe pàtàkì jù. Ní ọdún yẹn, wọ́n ṣì ń tẹ 1 Reichspfennig tó ní àwòrán ìtí ọkà, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ èyí tó ní idì àti swastika. Bẹ́ẹ̀ náà ni 2, 5 àti 10 Reichspfennig, bẹ́ẹ̀ sì ni 5 Reichsmark tó ní orí Ààrẹ Paul von Hindenburg: ti 1935 àti díẹ̀ nínú ti 1936 ní idì tí kò ní swastika, èyí tó kù nínú ti 1936 títí dé 1939 ní in. Nítorí pé òpin ọdún ni irú tuntun náà wọlé, iye tí wọ́n tẹ̀ kéré, àwọn owó wẹ́wẹ́ tó ní swastika àti ọdún 1936 sì ṣòro láti rí ju ti 1937 àti 1938 lọ fíìfíì. Owó 2 Reichsmark ti Hindenburg pẹ̀lú, ti 1936 ṣọ̀wọ́n ju ti 1938 àti 1939 lọ.

Ọdún kejì tí ẹ ó máa ṣọ́ ni 1939, nítorí pé òun ni òpin 1 Reichsmark níkẹ́ẹ̀lì. Lẹ́yìn náà ni 1940, tí 1 Reichspfennig wà ní idẹ àti ní síǹkì pẹ̀lú ọdún kan náà. Ìparí ogun, ìyẹn 1945, ni ìkẹyìn, nígbà tí bọ́ǹbù àti ọmọ ogun ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtẹ̀wó tí wọ́n sì ṣì ń tẹ síǹkì ní Berlin àti Muldenhütten. Àwọn alágbára tó ṣẹ́gun Jámánì náà tẹ 1, 5 àti 10 Reichspfennig onísíǹkì, idì kan náà, ṣùgbọ́n tí wọ́n ti yọ swastika kúrò. Ọdún 1944 sí 1948 ló wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ré wọn kọjá nítorí pé swastika ni ojú wọn ń wá. Àwọn kan nínú wọn, pàápàá èyí tó ní 1944 àti D, ṣọ̀wọ́n gan-an.

Ohun tí kò sí rí

Kò sí owó kan tí Jámánì ná tí wọ́n ya orí Hitler sí. Orí Hindenburg, tó kú ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 1934, ló wà lára fàdákà títí ogun fi dé. Gbogbo ohun dídán tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní orí Hitler ní iwájú àti «5 Reichsmark» lẹ́yìn jẹ́ ohun ìṣeré tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ogun. Bákan náà, ìjọba Nazi kò tẹ owó wúrà fún ọjà. Ẹ tún máa fura sí owó tòótọ́ tí ẹnì kan fi òòlù tẹ lẹ́tà SS tàbí orúkọ ibùdó ìpànìyàn sí lára: owó náà lè jẹ́ ojúlówó, kí ìtẹ̀ náà jẹ́ ti àná, kí ìtàn tí wọ́n fi ń tà á sì jẹ́ irọ́ pátápátá.

Dídán an wò nílé

Ohun èlò mẹ́ta tó: òṣùwọ̀n tó lè ka gíráàmù dé ọ̀nà méjì lẹ́yìn ojúàmì, òòfà, àti ìwọ̀n mìlímítà. Òòfà yóò fa 1 Reichsmark àti 50 Reichspfennig oníníkẹ́ẹ̀lì ti 1938 àti 1939, kò ní fa èyí tó jẹ́ alumíníọ̀mù. Bí ó bá fa 2 tàbí 5 Reichsmark, fàdákà kọ́ ni.

Ṣùgbọ́n àwọn ayédèrú kan kì í fà mọ́ òòfà, wọ́n sì wọn iye tó yẹ. Omi ni ẹ ó fi mú wọn. Ẹ gbé ife oníke tó ní omi díẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, kí ẹ dá òṣùwọ̀n náà padà sí òdo. Ẹ fi òwú tín-ín-rín so owó náà, kí ẹ rọra sọ ọ́ kalẹ̀ sínú omi kí omi bò ó mọ́lẹ̀ láìjẹ́ kí ó kan ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ife, kí ẹ sì gbọn àwọn ìhó kéékèèké kúrò lára rẹ̀. Ohun tí òṣùwọ̀n bá kà nígbà yẹn ni ìwọ̀n omi tí owó náà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Fún 5 Reichsmark ojúlówó, yóò súnmọ́ gíráàmù 1.35, fún 2 Reichsmark, yóò súnmọ́ 0.81. Bí ẹ bá rí 1.6 lára 5 Reichsmark, irin tó fúyẹ́ ju fàdákà lọ ni wọ́n bò, ì báà dán bí dígí. Lẹ́yìn omi, ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, ẹ má ṣe nù ún. Ẹ má sì ṣe dán èyí wò lára síǹkì.

Ẹ yí 5 Reichsmark náà, kí ẹ ka etí rẹ̀. Etí owó Luther ní ọ̀rọ̀ orin rẹ̀, «Ein feste Burg ist unser Gott», pé odi agbára ni Ọlọ́run wa; ti Hindenburg ní «Gemeinnutz geht vor Eigennutz», pé àǹfààní gbogbo ènìyàn ṣáájú ti ara ẹni. Lára ayédèrú tí wọ́n dà sínú àwòṣe, ọ̀rọ̀ etí yìí ló kọ́kọ́ máa ń bà jẹ́: lẹ́tà á wú, á pọ̀jù níbì kan, ìlà ìsopọ̀ á sì hàn láàárín rẹ̀.

Owó àwọn ọmọ ogun àti owó Łódź

Owó 5 àti 10 Reichspfennig onísíǹkì kan wà tó ní ihò láàárín, tí wọ́n kọ «Reichskreditkassen» sí, ti ọdún 1940 àti 1941. Ti àwọn ọmọ ogun ní ilẹ̀ tí wọ́n gbà ni. Ti 1940 tó ní A ni ẹ ó máa rí. Lẹ́tà yòókù ṣọ̀wọ́n, wọ́n sì ń ṣe ayédèrú wọn.

Owó Łódź ni mo fẹ́ kí a fi ìrẹ̀lẹ̀ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ní Poland, láti 1940, àwọn Nazi há àwọn Júù ìlú Łódź, tí wọ́n sọ di Litzmannstadt, mọ́ àdúgbò kan. Wọ́n gba owó gidi lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fún wọn ní ìwé àti irin tí kò wúlò níta, kí wọ́n má baà lè fi owó ra oúnjẹ láti ẹ̀yìn odi. Lára irin náà ni 5, 10 àti 20 Mark ti 1943, tó ní ìràwọ̀ Dáfídì, tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe, tí wọ́n sì fi irin tó fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe òmíràn. «Quittung» ni wọ́n kọ sára rẹ̀, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ìgbowó, nítorí pé wọn kò tilẹ̀ fẹ́ pè é ní owó. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1944 ni wọ́n kó àwọn tó ṣẹ́kù nínú àdúgbò náà lọ, púpọ̀ jù lọ sí Auschwitz. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ gidigidi lọ́jà. Ẹ má ṣe rà á lọ́wọ́ ẹni tí kò lè sọ ọwọ́ tó ti kọjá, ẹ má sì rà á láìjẹ́ pé onímọ̀ tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé ti fọwọ́ sí i.

Nígbà tí ẹ bá ń rà

Àwọn oníṣòwò Jámánì máa ń fi «J.» àti nọ́ńbà kan tọ́ka sí irú owó, gẹ́gẹ́ bí Kurt Jaeger ṣe tò wọ́n nínú àkójọ rẹ̀. J. 367 ni 5 Reichsmark Hindenburg tó ní swastika, J. 360 ni èyí tí kò ní in. Ẹ kọ nọ́ńbà, ọdún àti lẹ́tà sínú ìwé kékeré kí ẹ tó lọ sí gbàǹjo, kí ẹnu dídùn má baà yí yín lọ́kàn padà.

Ọ̀rọ̀ ipò owó náà máa ń ṣi àlejò lọ́nà. «Schön» túmọ̀ sí ẹlẹ́wà, ṣùgbọ́n lẹ́nu oníṣòwò owó, owó tó ti gbó ni. «Sehr schön» jẹ́ èyí tí wọ́n ti ná níwọ̀nba, «vorzüglich» jẹ́ èyí tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ná, «Stempelglanz» ni èyí tí ìmọ́lẹ̀ ilé ìtẹ̀wó ṣì wà lára rẹ̀, «Polierte Platte» sì ni èyí tí wọ́n dìídì tẹ̀ pẹ̀lú ìdán fún àwọn olùkójọ. Owó síǹkì ni kí ẹ ti fiyè sí èyí jù, nítorí pé síǹkì tó ṣì mọ́ lẹ́yìn ọgọ́rin ọdún ṣọ̀wọ́n, àní bí ọdún àti lẹ́tà rẹ̀ bá tilẹ̀ wọ́pọ̀. Ní gbàǹjo, ẹ ṣírò owó tí ilé gbàǹjo yóò fi kún iye tí ẹ dá, owó ìfiránṣẹ́ àti owó ibodè kí ẹ tó na ọwọ́. Bí owó kan bá ti wọ́n kọjá ohun tí ẹ lè fi ṣòfò, ẹ ra èyí tí NGC tàbí PCGS, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yẹ owó onírin wò, ti yẹ̀ wò tí wọ́n sì ti dí sínú ike, kí ẹ sì fi nọ́ńbà ara ike náà wé èyí tó wà lórí ìkànnì wọn, nítorí pé wọ́n ń ṣe ayédèrú ike pẹ̀lú.

Ìtọ́jú

Ẹ má ṣe fọ̀ ọ́. Èmi fúnra mi ti fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ kan 10 Reichspfennig onísíǹkì rí, nítorí eruku funfun kan tó wà létí rẹ̀. Ó hó lójú ẹsẹ̀ bí ọṣẹ, mo sì sáré gbé e jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi gbẹ, ojú rẹ̀ ti di dúdú, ó kún fún ihò bí ara òkúta, lẹ́tà E tí mo tìtorí rẹ̀ rà á kò sì hàn mọ́ bí kò ṣe pé èmi tí mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni mo ń wò ó. Eruku funfun yẹn ni ìpẹtà síǹkì. Ọ̀rinrin ló ń fà á, a kì í sì wò ó sàn. A máa ń dá a dúró ni.

Ẹni tó bá ń gbé ní Èkó, Pọ́tónóvò tàbí ibikíbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù fún omi ní láti ṣe ju ti ará Berlin lọ. Ẹ fi owó kọ̀ọ̀kan sínú àpò tí kò ní PVC, nítorí pé ike PVC máa ń yọ omi aláwọ̀ ewé tó ń jẹ fàdákà àti idẹ. Ẹ kó wọn sínú ike tó dé pinpin, kí ẹ fi àpò kékeré silica gel sí i, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ ní àkókò òjò. Ẹ má ṣe fi síǹkì àti fàdákà sínú àpò kan. Etí owó ni kí ẹ máa dì mú, kì í ṣe ojú rẹ̀, lórí aṣọ tó nípọn, kí ó má baà já bọ́ sórí tábìlì líle.

Fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀, ọdún, lẹ́tà, ìwọ̀n tí òṣùwọ̀n tiyín kà, ọjọ́ tí ẹ rà á, iye rẹ̀ àti ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ ya àwòrán ojú méjèèjì àti etí rẹ̀, kí ẹ tọ́jú ìwé ìsanwó mọ́ ọn. Ẹ sì fi gbólóhùn kan kún un nípa ohun tí owó náà jẹ́ ẹ̀rí rẹ̀, kí ọmọ tó bá ṣí àpótí náà lọ́jọ́ iwájú, tí ó sì rí swastika níbẹ̀, lè mọ ìdí tí ẹ fi tọ́jú rẹ̀.